Òwú Tí Ìyá Ìfẹ́ Fi Ń Wọn Ọmọ Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n má baà pariwo. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì yìí kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́. Gbogbo Ìkọ̀tún ló ti di ariwo: jẹnẹrétọ̀ níbí, fèrè kẹ̀kẹ́ lọ́hùn-ún, ẹni tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn eku lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí èmi dé ilé yìí, bí ẹ bá dúró sẹ́nu géètì lọ́wọ́ ọ̀sán, maṣíìnì ìránṣọ lẹ ó gbọ́. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, á dákẹ́. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, á tún dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ẹ ó gbọ́ sísọ́ọ̀sì tó ń jẹ aṣọ lórí tábìlì. Bí sísọ́ọ̀sì náà bá dákẹ́, a jẹ́ pé Ìyá Mọnsúrà ti ń fọ̀rọ̀ pa wá lẹ́rìn-ín nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè di nǹkan mímú mú lọ́wọ́ mọ́.

A kì í ṣe télọ̀ o. Kò sẹ́ni tó kọ́ṣẹ́ nínú wa, kò sẹ́ni tó ṣe fìrídọ́ọ̀mù. Èmi àti Ìyá Mọnsúrà, ìlú kan náà la ti wá, Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ tèmi ń kan àga ní Ìdímù, ọkọ tirẹ̀ ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Maṣíìnì kan ṣoṣo ló wà láàárín gbogbo obìnrin ilé, maṣíìnì ọlọ́wọ́ tí ìyá mi fi sìn mí wá sílé ọkọ. Ẹni tí kò bá sí lórí maṣíìnì á gbá abẹ́rẹ́ mú, á máa fọwọ́ rán tirẹ̀. Àpò ìrẹsì la máa ń gbé lọ sí Dópẹ̀mú, lọ́dọ̀ àwọn télọ̀, láti kó aṣọ tí wọ́n gé kù. Wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa, torí wọ́n mọ ibi tó ń lọ. Lára aṣọ yẹn la ti ń rí gáùn ọmọ, ṣòkòtò ọmọ, fìlà ìkókó. Àpò ńkọ́? Àpò ilé kéú, àpò iléèwé, àpò ńlá tí ìyá ọmọ tuntun á máa kó aṣọ ọmọ sí. Bí ọmọ ẹbí kan bá lóyún, kò ní í mọ ìgbà tí a ó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni á rí i. Èyí tó bá ṣẹ́kù, a ó dì í, a ó gbé e lọ sílé àwọn ọmọ aláìníyàá tó wà lọ́nà Ìgándò. Àwọn àgbà máa ń sọ pé èèyàn laṣọ mi. Àwa yí i padà: ọmọ tí kò bá ní èèyàn, a fi aṣọ ṣe èèyàn fún un.

Bí Iléyá bá ń bọ̀, ẹ ò ní rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé nínú pálọ̀ mi. Ọdún kan wà tí ìkánjú bá Ìyá Mọnsúrà, ó rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ọmọ kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọdún, ó wá ń fò kiri bí ọ̀pọ̀lọ́. A ní kó bọ́ ọ kí a tú u, ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, yídì ò jìnnà, á fò débẹ̀." A rẹ́rìn-ín débi pé ìrun fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá wa lórí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn ilé náà kì í gbẹ́yìn. Bí ìkórè wọn bá dé, wọ́n á gbé aṣọ funfun wá, àwa Mùsùlùmí á bá wọn ṣẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wá pé ẹ̀sìn wo ni abẹ́rẹ́ ń ṣe.

Òkírìkà ló kọ́kọ́ dé, tí wọ́n ń da aṣọ ọmọ sílẹ̀ lọ́jà kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Lẹ́yìn náà ni aṣọ inú ọ̀rá dé. Lónìí, ẹ ń tẹ fóònù, aṣọ ń dé ẹnu ọ̀nà. Ó dára, n kò sọ pé kò dára. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó rán an kò mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Nígbà tiwa, a máa ń mọ̀ ọ́n. Bí a kò mọ orúkọ ọmọ, a óò mọ ojú rẹ̀. Àfi ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí ẹ bi mí léèkan ìdí tí ẹ̀gbọ́n yín Sìdíkátù fi dàgbà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó jẹ́ pé ilé yìí la bí i sí.

Ọ̀sán gangan ló kọ́kọ́ dé, lákòókò tí ọyẹ́ ń tán lọ. Ẹ mọ bí ọ̀sán àkókò yẹn ṣe máa ń rí, tí oòrùn á funfun, tí adìẹ gan-an á wábi sá sí, tí òjìji èèyàn á sì kéré lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ti mu ún. Èmi nìkan ni mo jókòó síwájú ilé. Maṣíìnì ń ké lọ́wọ́ mi, n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Mo kàn gbójú sókè ni, obìnrin kan ló dúró níwájú mi, ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà. Ọ̀dọ́ ni, ṣùgbọ́n irun iwájú orí rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán o. Ta lẹ ń wá?"

"Wọ́n ní ẹ máa ń rán aṣọ ọmọ fún ẹni tí kò ní. Gáùn kan ni mo fẹ́ fún ọmọ mi obìnrin, àti àpò kékeré kan tó máa bá a mu."

"Ẹ mú ọmọ náà wá kí a wọ̀n ọ́n."

"Kò lè wá, mà."

Ó tú fọ́nrán òwú funfun kan kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó nà án sí mi. Wọ́n ta kókó sí i lára. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé kókó àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ èjìká, láti ibẹ̀ dé èkejì ni àyíká àyà, èyí tó kù ni gígùn gáùn. Ìyẹn kò jọ mí lójú, torí òwú ni ìyá tèmi náà fi ń wọ̀n wá kí téèpù tó dé. Ohun tó jọ mí lójú ni pé òwú náà tutù. Nínú oòrùn yẹn, tí irin maṣíìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi lọ́wọ́, òwú yẹn tutù bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú àmù.

A rán an. Nígbà tó wá gbà á, ó gbé gáùn náà sí imú, ó mí sí i, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìfẹ́ á dúpẹ́ gan-an, mà." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é ní Ìyá Ìfẹ́.

Láti ìgbà náà lọ, bí ọyẹ́ bá ti ń tán lọ, á dé, ọ̀sán gangan ni, òwú á sì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Òwú náà ń gùn sí i bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Inú wa dùn sí i. Ìyá Mọnsúrà a máa sọ pé ọmọ yìí á ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tí ọmọ náà kò lè wá. A rò ó lọ́kàn wa pé bóyá ó yarọ, tàbí ó ní àìsàn tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí ayé rí. Èèyàn kì í tú ìdí ẹni tó wá tọrọ aṣọ.

Ọ̀dọ̀ mi ni Sìdíkátù ń gbé nígbà náà, torí Bùsírá ọmọ mi, ìyá tó bí i, ń tajà ní Ìdímù láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ tí kì í fọwọ́ lẹ́rán ni. Lọ́jọ́ kan tó dé láti iléèwé, ó mú òwú Ìyá Ìfẹ́ lórí tábìlì, ó nà án mọ́ èjìká ara rẹ̀, ó fi yí àyà ká, ó fi wọn ara rẹ̀ láti ọrùn dé orúnkún.

"Màmá, ẹ wò ó! Èmi ni wọ́n wọ̀n."

Kókó bọ́ síbi tó yẹ gẹ́lẹ́. A rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọdé ní í jọ ọmọdé lára. Ṣùgbọ́n ọdún tó tẹ̀ lé e, Sìdíkátù ṣàìsàn ibà, nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó wá ga lójijì bí igi ìbẹ́pẹ, gbogbo aṣọ rẹ̀ ló kúrú. Ìyá Ìfẹ́ mú òwú wá, èmi fúnra mi ni mo sì pe ọmọ náà kó dúró kí n wò ó. Òwú náà pẹ̀lú ti gùn lójijì. Ó bá a mu débi pé ìwọ̀n ìka kò lé, ìwọ̀n ìka kò dín.

Ìyá Mọnsúrà kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

"Ìyá Bùsírá, ṣé obìnrin yìí ti rí Sìdíkátù rí?"

"Rárá o. Iléèwé ni ọmọ máa ń wà bí obìnrin náà bá wá."

"Ta ló wá ń bá a wọn ọmọ rẹ?"

Mo ká òwú náà mọ́ igi òwú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìgbà tí iléèwé gbàsinmi, a ní a ó lọ gbé aṣọ náà fún un nílé, kí a lè fojú ara wa rí ọmọ rẹ̀. Ó ti sọ rí pé Ìjẹ̀gùn lòun ń gbé, lápá ibi tí páìpù epo ti bẹ́, tí iná jó. A kò rí ẹni fi Sìdíkátù sílẹ̀ tì, ni a bá mú un dání. Ọ̀kadà ló gbé wa wọ inú ẹrẹ̀ lọ. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, a bi obìnrin kan tó ń yan àgbàdo.

"Ìyá Ìfẹ́? Obìnrin jẹ́jẹ́ aláṣọ funfun tó ń dá gbé yẹn? Ilé tó gbẹ̀yìn nìyẹn, mà."

Tó ń dá gbé. Ìyá Mọnsúrà wo ojú mi. Mo di ọwọ́ Sìdíkátù mú títí a fi dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Yàrá kan ni, mímọ́ tónítóní, sìmẹ́ńtì ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Ìyá Ìfẹ́ kí wa káàbọ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà, bí ẹni tó ti ń retí wa. Okùn kan gba àárín yàrá náà kọjá, gbogbo gáùn tí a ti rán fún un ló fi kọ́ síbẹ̀, kékeré ló ṣáájú, èyí tó tóbi jù ló kẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti rán aṣọ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣọ tí a kàn gbé kọ́ lásán, mo mọ̀ ọ́n. Aṣọ tí ọmọ wọ̀, mo mọ̀ ọ́n. Abíyá gáùn wọ̀nyẹn ti ṣá. Ilẹ̀ pupa ti ba ìṣẹ́tí wọn jẹ́. Bọ́tìnnì ọ̀kan ti já, ìdí òwú rẹ̀ ṣì ń mì. Òórùn ọmọ tó ti ṣeré nínú oòrùn ń rùn lára wọn fẹ́ẹ́rẹ́. Ìyá Mọnsúrà na ọwọ́ sínú àpò kékeré tó wà lára èyí tó kẹ́yìn, ó fa gúáfà kan jáde. Wọ́n ti gé e jẹ. Ojú ibi tí eyín kékeré gbà ṣì tutù.

"Ìyá Ìfẹ́," mo ní, "ta ní ń wọ aṣọ wọ̀nyí?"

"Ọmọ mi ni, mà."

"Ọmọ rẹ dà?"

Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní lọ́jọ́ tí iná náà sọ, òun jáde lọ ra iyọ̀ ni, Ìfẹ́ wà lọ́dọ̀ aládùúgbò, àwọn ọmọ ń ṣeré. Ó gbọ́ ìró kan, ojú ọ̀run dúdú, gbogbo èèyàn ń sá bọ̀, òun nìkan ló ń sá lọ. Àwọn èèyàn dì í mú. Nígbà tí iná kú, àwọn kan rí òkú ọmọ tiwọn gbé sin. Àwọn kan rí ọmọ tiwọn lóòyẹ̀ nílé ìwòsàn. "Èmi ò rí nǹkan kan, mà. Bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo, n ò rí i."

Ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. A máa ń sọ ọ́, bí ẹni sọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí ó ń wí.

"Òwú náà ńkọ́?" Ìyá Mọnsúrà bi í. "Báwo lo ṣe ń wọ̀n ọ́n?"

"Èmi kọ́ ni mò ń wọ̀n ọ́n, mà. Mo máa ń tẹ́ òwú sórí ẹní bí mo bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án. Bí mo bá jí, kókó á ti wà lára rẹ̀."

Nígbà náà ni a gbọ́ ìró ife lẹ́yìn aṣọ títa. Sìdíkátù jáde láti ibẹ̀, ó gbé omi dání, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún mi. N kò rí ìgbà tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ta ló fi ibi tí ife wà hàn ọ́?"

"Ibẹ̀ ló máa ń wà, Màmá."

Ìyá Ìfẹ́ wá fojú kan ọmọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò yà á lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ aládùúgbò tó máa ń wá báni ṣeré nílé. Ẹ̀rín yẹn ló lé wa jáde. Ìyá Mọnsúrà ti gbá ọmọ lọ́wọ́ mú, ó ń fà á lọ, kò rántí sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí a fi délé.

Mo fi Sìdíkátù jókòó sórí itan mi lọ́jọ́ yẹn. Mi ò jágbe mọ́ ọn. Mo ní, "Ìgbà wo lo ti ń lọ síbẹ̀?"

"Bí mo bá sùn lọ́sàn-án ni, Màmá. Èmi àti Ìfẹ́ la jọ máa ń ṣeré níbẹ̀."

"Kí ló máa ń sọ fún ọ?"

"Ó máa ń ní kí n má tíì lọ. Màá ní Màmá mi á máa wá mi. Ó ní kò burú, pé tó bá yá, n ò ní í jí mọ́, a ó jọ máa ṣeré lọ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ àkàrà. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ẹ̀wà wà nílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo di ẹrù rẹ̀. Bùsírá sunkún, ó ní, "Màmá, ṣé torí àlá ni ẹ ó fi mú ọmọ mi lọ?" Mo ní kó tú òwú náà lára igi òwú, kó lọ wọn ọmọ rẹ̀, kó tó bá mi jà. Ó wọ̀n ọ́n. Kò tún bá mi jà mọ́. Mo mú Sìdíkátù lọ bá àbúrò mi obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní kó má jẹ́ kó sun oorun ọ̀sán, bí ojú rẹ̀ bá ń wúwo kó rán an níṣẹ́. Nígbà tí mo padà dé ilé yìí, ilé náà dà bí aṣọ tí wọ́n tú gbogbo òwú rẹ̀. Maṣíìnì wà níbẹ̀, n kò lè yí i.

Ìyá Ìfẹ́ dé kò pẹ́ púpọ̀ sí i. Kì í ṣe àsìkò rẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ lákòókò yẹn, sùtánà rẹ̀ tutù láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Ó na òwú sí mi. Kò sí kókó kankan lára rẹ̀.

"Ẹ ti gbé e lọ, mà?"

"Mo ti gbé e lọ."

"Láti ìgbà yẹn ni òwú ò ti ní kókó mọ́. Mo ń tẹ́ ẹ, mo ń sùn, mo ń jí, bí mo ṣe tẹ́ ẹ náà ló ń wà." Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tutù. "N ò mọ̀ pé lára ọmọ yín ni ọmọ mi ti ń dàgbà. Ọlọ́run ló mọ̀ pé n ò mọ̀. Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ga."

Mo ti múra láti bá a jà o. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ ló tú ká lẹ́nu mi. Ọmọ tèmi wà láàyè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń jẹ, ó ń yọ àbúrò mi lẹ́nu. Ọmọ tirẹ̀ ni mo tún gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó tọ́ ni mo ṣe, bí ọ̀la bá sì tún mọ́ n ó ṣe é, síbẹ̀ n kò lè wo ojú rẹ̀.

Ìyá Mọnsúrà ló sọ̀rọ̀. Òun tó ti ní kí n fi omi gbígbóná pàdé obìnrin náà bí ó bá tún wá, òun ló jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá Ìfẹ́, báwo ni ọmọ rẹ ṣe tó lọ́jọ́ tí iná yẹn jó? Òun gan-an, kì í ṣe èyí tí òwú sọ."

A rí i pé ó ti pẹ́ tí obìnrin náà ti ronú kan ìwọ̀n yẹn gbẹ̀yìn. Ó dìde dúró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìbàdí ara rẹ̀, nísàlẹ̀ díẹ̀.

"Ibí ni orí rẹ̀ dé. Tó bá fẹ́ kí n gbé òun, á fi orí kàn mí níbí."

Ìgbà náà ni ẹkún dé. Kì í ṣe ẹkún èèyàn tó ń ké, ẹkún tó ń ti inú ìfun bọ̀ ni. A jẹ́ kó sun ún. Ìyá Mọnsúrà wọlé lọ, ó gbé ìró àdìrẹ búlúù rẹ̀ jáde, èyí tó máa ń fi lọ sí ìsọmọlórúkọ, tí kì í yá ẹnikẹ́ni. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó fi sísọ́ọ̀sì là á láàárín. Gáùn kékeré la rán, èyí tí kò ju ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ orin iléèwé lọ, a sì rán àpò tí yóò gbé kọ́ èjìká. Ìyá Ìfẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ rán ìṣẹ́tí rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ́, a kò bá a tún un ṣe.

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀gùn la gbẹ́ ilẹ̀ sí, láti sin gáùn náà dípò òkú tí kò rí. Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá, ó gbàdúrà, ó wọ́n omi. Èmi àti Ìyá Mọnsúrà náà gbé ọwọ́ sókè, a tọrọ àforíjì àti ìsinmi fún ọmọ náà lọ́nà tiwa. Ìyá Ìfẹ́ ká gáùn náà dáadáa, ó kó o sínú àpò, ó tẹ́ àpò sínú ilẹ̀, ó sì pe orúkọ ọmọ rẹ̀ ní kíkún, lẹ́ẹ̀kan. Òwú rẹ̀ kò sí lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́. N kò bi í níbi tó gbé e sí.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ó di ara wa. Ó ń bá wa ránṣọ, ó ń bá wa gbé e lọ sí Ìgándò, àwọn ọmọ aláìníyàá yẹn a sì máa sáré pàdé rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń pàdé wa lọ. Nígbà tó ṣe, ó kó lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀ ní ìlú wọn. Ìyá Mọnsúrà ti ṣaláìsí, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí àlùjánnà. Àwọn obìnrin ilé yìí kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn télọ̀ Dópẹ̀mú ń sun aṣọ tí wọ́n bá gé kù nínú iná báyìí. Ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó kún ilé ṣe ń tán, ẹni kan a lọ, omíràn a lọ, lọ́jọ́ kan èèyàn á gbójú sókè, á wá rí i pé òun nìkan ló ṣẹ́kù tó mọ bó ṣe rí.

Àfi ohun kan tí n kò tíì sọ. Ọjọ́ tí a sin aṣọ náà, ọ̀nà ni mo ṣì wà, n kò tíì dé Ìkọ̀tún, tí fóònù mi dún. Àbúrò mi ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní Sìdíkátù fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, pé oorun gbé e lọ lórí àga lọ́sàn-án kó tó mọ̀, ó sì ti jí báyìí, ó ń béèrè mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ní kí ọlọ́kadà dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà.

"Sìdíkátù, ara rẹ dá?"

"Ara mi dá, Màmá. Ìfẹ́ wá dágbére fún mi."

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ ohun tí a lọ ṣe lọ́jọ́ yẹn.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní òun ń lọ. Ó ti kéré, Màmá. Kò ga tó mi mọ́ rárá. Ó wọ aṣọ búlúù, ó gbé àpò kọ́ èjìká."

Ọkọ̀ ń kọjá lára mi, eruku ń bò mí. Gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn béèrè nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó ti ń ránṣọ ọmọ láti ìgbà èwe rẹ̀ ni mí, ohun kan ṣoṣo ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

"Ṣé ó bá a mu?"

"Ó bá a mu, Màmá," ó ní. "Ó bá a mu gan-an."